Láti Orí “Dìde” Dé Orí “Jókòó”

Ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1988, Alàgbà Ọlábánjí, alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé òpópó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kílóòsì ní Festac, rọra ti ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà tó wà ní Second Avenue, ó sì wọlé. Aago méjì ààbọ̀ ti lù. Aago mẹ́rin ni ìpàdé oṣù, níbi tí wọ́n á ti ka mínìtì ìpàdé tó kọjá sétí gbogbo ilé, kí wọ́n tó dìbò yan alága. Alàgbà fẹ́ kí wọ́n yan òun padà, ó fẹ́ ẹ débi pé kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n nínú mínìtì yẹn, Sùrájù mẹkáníìkì ti dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní bí táńkà omi bá dé, alága ló ń kọ́kọ́ gba họ́ọ̀sì, kì í sì í fi í sílẹ̀ títí táńkà á fi gbẹ. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ o. Àmọ́ Alàgbà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ̀bùnlọlá, ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ. Kò tíì pẹ́ tó kọ́ṣẹ́ náà parí, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló bí ẹ̀rọ.

“Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ jókòó, sà. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ o, kì í fẹ́ àlejò.”

“Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án ṣe? Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni mínìtì ẹgbẹ́ wa wà?”

“Ọ̀dọ̀ wa ni, sà. Làtífátù ẹnìkejì mi ló tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ní ká tẹ ogójì ẹ̀dà jáde lónìí.”

“Gbádégẹṣin ti lọ sí Ìwó lọ kí àna rẹ̀. Èmi ni mo dúró fún un. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti kà á?”

“Èmi? Rárá o! A kì í ka iṣẹ́ oníṣẹ́ níbí, sà. Bí wọ́n bá kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀ pàápàá, mi ò ní mọ̀.”

Ọkàn Alàgbà balẹ̀ díẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí o yọ.”

“Kékeré nìyẹn, sà. Ẹ pè é fún mi, màá wá a.”

“Mi ò lè pè é.”

“Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i, kí n kà á fúnra mi.”

“Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kó kà á!”

Ẹ̀bùnlọlá wò ó, ó ṣẹ́jú.

“Ẹ fẹ́ kí n yọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀, kúrò nínú ìwé tí mi ò gbọ́dọ̀ wò.”

“Ó ti yé ọ.”

“Dádì, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wá gan-an lẹ wá yìí! Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn onítáípù ìdíkọ̀ Mazamaza lẹ lọ ni, wọn ì bá ti kà á síta fún gbogbo mọ́tò. Ẹ̀rọ tèmi yàtọ̀. Ẹ kàn máa sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí. Á lọ bá a níbi tó wà, á gbé e jù nù, ojú ẹnikẹ́ni ò ní kàn án.”

“Bó ṣe bẹ̀rẹ̀... Ó dìde ni.”

“Ta ni, sà?”

“Ẹnì kan. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe òfin yẹn, nítorí ọ̀wọ̀. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wàá dìde. Bí o bá sọ ọ́ tán, wàá jókòó. Akọ̀wé á sì kọ méjèèjì sílẹ̀.”

“Ó ti parí nìyẹn! Láti orí ‘dìde’ dé orí ‘jókòó’. Ní ti ohun tó wà láàárín, màá fi dọ́ọ̀tì kan síbẹ̀, màá wá fi àmì ìràwọ̀ kan tẹ̀ lé e.”

“Kí ni dọ́ọ̀tì wá ṣe níbẹ̀?”

“Dọ́ọ̀tì yẹn dúró fún lẹ́tà yòówù, sà. A ni o, B ni o, kọ́mà ni o, ààyè lásán ni o. Ohunkóhun tó bá ti bá pàdé.”

“Kì í yan?”

“Kì í yan.”

“Ìràwọ̀ ńkọ́?”

“Ìràwọ̀ ló ń sọ pé kó kó iyekíye tó bá wà níbẹ̀.”

“Ohunkóhun, iyekíye.” Alàgbà mi orí. “Ní ọ́fíìsì wa, irú àṣẹ báyìí, ọ̀gá àgbà pátápátá nìkan ló ń fọwọ́ sí i.”

“Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó, sà. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i níbí.”

“Kọ́kọ́ di ojú rẹ.”

“Mo lè tẹ̀ ẹ́ láìwò, sà. Ìka mi mọ̀nà.”

Ẹ̀bùnlọlá tú síkáàfù orí rẹ̀, ó fi di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Alàgbà na ọrùn wò ó bóyá síkáàfù náà fúyẹ́ jù. Ẹ̀rọ ké fíì, ó dákẹ́. Ọmọbìnrin náà yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ Alàgbà, òun sì kọjú sí ògiri.

“Ó ti yọ ọ́, sà. Ẹ wò ó.”

Alàgbà wọ dígí rẹ̀. Ó ti ń retí ìwé gbọọrọ, ìlà méjì péré ló rí. “Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n pín mọ́ínmọ́ín àti míníráàlì. Ìpàdé parí.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Àwọn wo, sà?”

“Àwọn èèyàn! Ìròyìn mi lórí gọ́tà ńkọ́? Ọpẹ́ tí Màmá Rosaline dú níwájú ilé nítorí mi ńkọ́? A dé, a jẹ mọ́ínmọ́ín, a lọ! Ṣé ìpàdé rèé àbí ìsinmi ilé ìwé?”

“Ẹ fara balẹ̀, sà, mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí dísìkì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ náà?”

“Gbogbo ilé ló kọ́kọ́ dìde, fún àdúrà.”

“Ta ló jókòó gbẹ̀yìn?”

“Èmi, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìparí.”

“Ó tán. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi rárá. Ó rí ‘dìde’ àkọ́kọ́, ó dì í mú. Ó wá ń lọ, ó ń lọ, ó di orí ‘jókòó’ tó gbẹ̀yìn pátápátá kó tó dúró. Lójú tiẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ìpàdé yín, torí Làtífátù kì í bọ́ sí ìlà tuntun bó bá ń tẹ̀wé.”

“Ṣùgbọ́n ‘jókòó’ kún àárín fọ́fọ́!”

“Ó rí wọn, sà. Ó kàn ń kọjá lára wọn ni.”

“Ó rí wọn, ó kọjá lára wọn.”

“Ìwà rẹ̀ nìyẹn, sà. Ẹ má dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, màá so ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó dìde náà fún mi.”

Alàgbà wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

“Sùrájù.”

“Sùrájù wo?”

“Ṣé ẹ̀rọ ló ń bèèrè ni àbí ìwọ?”

“Ẹ̀rọ ni, sà.”

“Sọ fún un pé kò kàn án!”

“Mo ti sọ fún un. Ẹ wò ó, bí màá ṣe ṣe é rèé. Màá ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí ‘Sùrájù dìde’. Kó wá máa kó ohunkóhun lọ, àyàfi àmì ìdánudúró tó ń parí gbólóhùn. Bó bá ti kan àmì ìdánudúró kan báyìí, kó gbé ìyẹn náà, kó sì dúró síbẹ̀. Kò lè fò ó. Mo ti lé e mọ́gi.”

“Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀rọ tó mọ ibi tó yẹ kó dúró.”

Síkáàfù tún padà sójú. Ìka ọmọbìnrin náà rin ìrìn kíákíá lórí ẹ̀rọ, ó sì yí i sí Alàgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé náà gùn bó ṣe yẹ. Alàgbà rí àdúrà, ó rí gọ́tà, ó rí Màmá Rosaline. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ibi tí orúkọ Sùrájù wà tẹ́lẹ̀, kò rí i mọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ó ka ohun tó kù níbẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Alága dìde, ó ní òun fẹ́ kí ilé mọ irú èèyàn tí òun jẹ́. Ó ní bí táńkà omi bá dé, alága ló ń kọ́kọ́ gba họ́ọ̀sì, kì í sì í fi í sílẹ̀ títí táńkà á fi gbẹ. Ó ní ojúkòkòrò gidi nìyẹn. Ó jókòó. Ilé pàtẹ́wọ́.”

“Yé!”

“Ṣé ó ti lọ, sà?”

“Mo ti bú ara mi!”

“Ta ló bú yín, sà?”

“Èmi náà! Mo dìde fúnra mi, mo bú ara mi, mo jókòó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi!”

“Ó ṣáà dáa pé wọ́n pàtẹ́wọ́, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí! O yọ ẹni tó sọ̀rọ̀, o fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀! Ẹnu mi ló wá bọ́ sí!”

“Gbólóhùn kan ló yọ, sà, gbólóhùn tí orúkọ ẹni náà wà. Mi ò mọ̀ pé ó sọ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wò.”

Alàgbà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó máa dì í mú. Òótọ́ ni, òun ló ní kó má wò. Ó wá ohun mìíràn tó lè fi ìbínú náà ṣe, ó sì rí i kíá lójú ẹ̀rọ.

“Kí tilẹ̀ ni eléyìí? Níbí, ‘Ọlábánjí’ lásán. Níbí, ‘Olóyè Ọlábánjí’. Níbí, ‘Olóyè Olóyè Ọlábánjí’! Odindi oyè tí ìlú mi fi mí jẹ ní Kérésì, bí Gbádégẹṣin ṣe ń dà á nù nìyí! Ṣé oorun ló ń kùn ún ni?”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí tó rọrùn jù rèé, Dádì. Màá dá ẹ̀dà orí dísìkì padà, ká tún ìyẹn ṣe ná, kí ara yín lè silé. Ìràwọ̀ ló mọ irú iṣẹ́ yìí ṣe. Màá ní kó wá ‘Olóyè’, iyekíye tó bá jẹ́, kó sì fi ẹyọ kan rọ́pò rẹ̀. Bó bá rí méjì, á di kan. Bó bá rí kan, kan náà ni.”

“Bí kò bá wá rí rárá?”

“‘Kò sí rárá’ náà, iye ni lójú ìràwọ̀, sà. Ibi tí kò bá ti sí, á fi ẹyọ kan síbẹ̀.”

“Ibi tí kò bá ti sí, á fi síbẹ̀?”

“Gbogbo ibi tí kò bá ti sí, sà.”

Inú Alàgbà dùn débi pé ó gbàgbé Sùrájù fún ìṣẹ́jú kan. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

“Irú èyí ni mo ń wá látàárọ̀. Má wulẹ̀ fi hàn mí lójú ẹ̀rọ. Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé tààrà.”

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹrẹrẹrẹ, ìwé ń yọ jáde, ó ń ká ara rẹ̀ sórí ilẹ̀. Kò dúró. Ìwé náà dé orí bàtà Alàgbà, ó gun orí bàtà náà kọjá. Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó kà á.

“Olóyè Ì Olóyè p Olóyè à Olóyè d Olóyè é Olóyè...” Ó gbé ojú sókè. “Kí lèyí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, sà.”

“Kò ṣeé kà! Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti joyè! Kọ́mà joyè! Wò ó, mọ́ínmọ́ín joyè! Sùrájù... Sùrájù ni ẹ fún ní oyè tó tó báyìí, lórí orúkọ kan ṣoṣo!”

“Ó yé mi, ó yé mi. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé lójú orúkọ yín nìkan ni kó ti wá a. Ó wá rí i pé láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, kò sí ‘Olóyè’ níbẹ̀. Òótọ́ ló sì sọ, sà, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.”

“Pa á! Pa ẹ̀rọ yìí kí ó tó fi àga joyè!”

Ẹ̀bùnlọlá tẹ bọ́tìnì, ariwo náà dákẹ́. Ìwé tó wà nílẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi di ẹrù. Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́ta ààbọ̀. Òógùn bo Alàgbà láìka afẹ́fẹ́ tútù tó ń fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà sí, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an: lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ Sùrájù sétí àwọn olùdìbò. Ìgò omi kan wà lórí tábìlì, tí Ẹ̀bùnlọlá gbé wá látilé. Alàgbà kò bèèrè. Ó gbé e, ó ṣí i, ó sì gbé e sẹ́nu.

“Omi mi nìyẹn, sà. Òun ni màá mu títí ilẹ̀ á fi...”

Alàgbà na ọwọ́ kejì sí i pé kó dúró ná. Nígbà tó fi máa gbé ìgò náà kúrò lẹ́nu, ó ti gbẹ.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.”

“Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ nípa ẹ̀rọ tí ò ń yìn yìí. Kì í ṣe ti oyè ló ń dùn mí. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló ń dùn mí, èyí tó kó gbogbo ìpàdé mì. Ó rí ‘jókòó’ àkọ́kọ́. Àbí kò rí i?”

“Ó rí i, sà.”

“Ó mọ̀ pé ìyẹn ti tó òun. Àbí kò mọ̀?”

“Ìyẹn ì bá tó o, sà.”

“Kí ló wá ń lé lọ níwájú? Kí ló fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Kò tiẹ̀ rò ó pé àwọn mìíràn wà lẹ́yìn tó yẹ kí tiwọn kù sílẹ̀ fún. Gbé nǹkan ka iwájú rẹ̀ báyìí, kò ní gbé ẹnu kúrò títí nǹkan ọ̀hún á fi gbẹ! Ojúkòkòrò gidi nìyẹn! Wọn ò kọ́ ọ nílé!”

Ẹ̀bùnlọlá na ọwọ́ síwájú Alàgbà. Ó mú ìgò rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ohunkóhun ò jáde.

“Dádì.”

“Kí ló dé?”

“Ohun tí Sùrájù sọ gan-an lẹ sọ yẹn.”

Alàgbà wo ìgò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú tì í, ó sì mọ̀ pé ojú ń ti òun. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́ nígbà tó máa sọ̀rọ̀.

“O ní o ò kà á.”

“Mi ò kà á, sà.”

“Làtífátù ló wá sọ fún ọ.”

“Làtífátù? Ìyẹn kì í kí èèyàn káàárọ̀, ṣé á wá jókòó sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún mi?”

“Báwo lo ṣe wá mọ ohun tí Sùrájù sọ?”

Ẹ̀bùnlọlá ká síkáàfù rẹ̀, ó so ó mọ́rí dáadáa. Ó kó ìwé tuntun sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì gbé ìka sórí bọ́tìnì.

“Ilé tó tẹ̀ lé tiyín ni mò ń gbé, sà, lọ́dọ̀ àǹtí mi. Lọ́jọ́ tí táńkà dé kẹ́yìn, èmi ni mo dúró sẹ́yìn yín pẹ̀lú garawa pupa. Ẹ ò bojú wẹ̀yìn, ẹ ò lè mọ̀ mí. Gbogbo àwa tá a tò síbẹ̀ la rán Sùrájù ní ọ̀rọ̀ yẹn.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ogójì ẹ̀dà lẹ fẹ́, àbí? Èwo wá ni kí n tẹ̀ jáde: èyí tí Sùrájù ti sọ ọ́, àbí èyí tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín?”